Ihò Wúrà Dutchman ní Òkè Superstition: Ohun Tó Yẹ Kí Ẹni Tó Ń Wá A Mọ̀

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Àwọn tó ń múra àtilọ wá ihò wúrà tí wọ́n ní ó sọnù sínú òkè Superstition, ní ìlà-oòrùn Phoenix ní Arizona, ń bèèrè àmì tí wọ́n máa tẹ̀ lé. Ẹ jẹ́ ká ti àmì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Òkúta ló yẹ ká fi bẹ̀rẹ̀, torí wúrà ní ilé tirẹ̀, kì í sùn níbi tó bá ti rí.

Ará Jámánì ni Jacob Waltz, ọkùnrin tí wọ́n ní ó mọ ibi tí ihò náà wà, òun ni wọ́n fi ń pè é. Deutsch tí àwọn ará Jámánì ń pe ara wọn ni etí àwọn Amẹ́ríkà gbọ́ sí Dutch, bí Dutchman ṣe mọ́ ọn lórí nìyẹn. Ó di ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní Los Angeles lọ́dún 1861, nígbà tó sì yá, ó ń dáko létí odò Salt ní Phoenix. Ní oṣù kejì ọdún 1891, omíyalé gba oko náà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọ̀dọ̀ Julia Thomas, obìnrin tó ń ṣe búrẹ́dì tà, ló wà títí tó fi kú ní ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá ọdún yẹn. Wọ́n ní àpótí àbẹ́là kan wà lábẹ́ ibùsùn rẹ̀ tí òkúta oníwúrà kún inú rẹ̀. Ní 1892, Julia Thomas àti àwọn ọmọ ìyá méjì kan, Rhinehart àti Hermann Petrasch, wọ òkè náà lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọwọ́ òfo ni wọ́n sì gbé bọ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn: àwọn tó sún mọ́ ọkùnrin náà jù lọ, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì gbóná létí wọn, kò rí i.

Ó wá ku òkúta. Òkè ayọnáyèéfín ló bí Superstition. Ní nǹkan bí mílíọ̀nù ọdún 18 sẹ́yìn ni eérú gbígbóná tú jáde nílẹ̀, ó bolẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì dì. Weaver's Needle, òkúta ṣóńṣó tí gbogbo ènìyàn ń ya fọ́tò rẹ̀, eérú tó dì náà ni. Òjò àti ẹ̀fúùfù ló jẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dànù tí àárín fi dá dúró. Wúrà tí wọ́n wà tó mówó wọlé ní sàkáání ibẹ̀, ní Goldfield ló ti jáde, ní ẹsẹ̀ òkè lápá ìwọ̀-oòrùn, níbi tí òkúta àtijọ́ ti yọjú sókè. Lẹ́yìn ikú Waltz ni wọ́n rí i, ihò Mammoth ló sì lókìkí jù níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ bí wúrà ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ṣe ń wà, nínú iṣan òkúta quartz funfun tó la àpáta àtijọ́ kọjá, òun náà ni kó máa fojú wá. Bí eérú dídì ni o rí láti orí dé ìdí òkè, tí kò sí iṣan funfun, tí kò sí àbàwọ́n pupa bí ìpẹtà irin lára òkúta, má fi ọjọ́ méjì ṣòfò níbẹ̀.

Níbi tí wọ́n bá ti gbà ọ́ láyè láti yẹ ilẹ̀ wò, ìsàlẹ̀ ipa odò gbígbẹ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀. Máa wo àfọ́kù quartz tí omi wọ́ wá. Máa gòkè tẹ̀ lé e. Ibi tí àfọ́kù bá ti dáwọ́ dúró nínú ipa odò, ẹ̀gbẹ́ òkè ló ti ń já wá, yà síbẹ̀. Àfọ́kù tí igun rẹ̀ ṣì mú kò tíì rìn jìnnà sí orísun rẹ̀, èyí tó ti yí kiriri ti jìnnà gan-an. Àṣìṣe tó pọ̀ jù ni kí ènìyàn máa wo ilẹ̀ tààrà níwájú ẹsẹ̀, kó sì gbàgbé láti gbójú sókè wo ibi tí òkúta náà ti ń ṣubú.

*

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ìbéèrè kan ṣoṣo: òjìji Weaver's Needle ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ńkọ́? Wọ́n ní Waltz sọ pé ibi tí orí òjìji náà bá balẹ̀ sí ni ihò wà. Ṣé a ò lè fi kọ́ńpáàsì mú un ni?

*

Àbúrò, ìbéèrè yẹn dára, torí òun ló ń tú ọ̀pọ̀ ènìyàn ká sínú àfonífojì. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ papọ̀.

Nígbà òtútù, ní nǹkan bí ọjọ́ 21 oṣù kejìlá, bí òòrùn bá wà ní aago mẹ́rin, ìwọ̀n 9 sí 10 péré ló fi ga ju ilẹ̀ lọ. Òjìji ohunkóhun á gùn tó ìlọ́po mẹ́fà gíga rẹ̀, á sì na sí àríwá ìlà-oòrùn. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà, òòrùn aago mẹ́rin ṣì wà lókè ní ìwọ̀n 37. Òjìji kò ní ju ìlọ́po kan àti ìdámẹ́ta lọ, ìlà-oòrùn ló máa na sí, á tilẹ̀ tẹ̀ sí gúúsù díẹ̀. Òkúta ṣóńṣó náà ga tó nǹkan bí 300 mítà láti ìdí rẹ̀. Tí ilẹ̀ bá tẹ́jú, òjìji rẹ̀ á gùn tó 1,800 mítà ní oṣù kejìlá, kò sì ní ju 400 mítà lọ ní oṣù kẹfà. Ilẹ̀ ibẹ̀ kò sì tẹ́jú: bí òjìji bá já sínú àfonífojì, ó gùn sí i, bí ó bá kan òkè, ó kúrú.

Aago pàápàá kò bá òòrùn dọ́gba. Òkè yẹn wà ní ìwọ̀-oòrùn ìlà tí Arizona fi ń ka aago, nítorí náà bí òòrùn bá kan mẹ́rin, aago ọwọ́ rẹ á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan mẹ́rin ààbọ̀. Oṣù wo ni Waltz ń sọ? Aago ta ni? Bí kò bá sí ìdáhùn sí ìbéèrè méjèèjì yìí, àmì náà kò mú ọ dé ibì kan ṣoṣo. Ilẹ̀ rẹpẹtẹ tó fẹ̀ bí oko ọlọ́rọ̀ ló nà sí ọ.

Àwọn òkúta gbígbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Peralta Stones náà, tí àwọn kan kà sí máàpù ihò náà, tí wọ́n ní ó jáde ní nǹkan bí ọdún 1949, àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò kò fẹnu kò pé ó jẹ́ ohun àtijọ́. Ìlà tó wà lára rẹ̀ kò ní ìwọ̀n. Máàpù tí kò ní ìwọ̀n, ibi tó bá wù ọ́ lo lè gbé e lé.

*

Ẹ jẹ́ kí n bá yín dá sí i níbi omi, torí ibẹ̀ ni ẹ̀mí ń lọ sí. Àwọn tí òkè yẹn gbà, ìbọn kọ́ ló pa púpọ̀ nínú wọn.

Ẹ wo Adolph Ruth. Àgbàlagbà tó ń tiro ni, láti Washington. Oṣù kẹfà ọdún 1931 ló wọ òkè náà pẹ̀lú máàpù tí ọmọ rẹ̀ rí gbà ní Mẹ́síkò. Oṣù kejìlá ni wọ́n rí agbárí rẹ̀, ó ní ihò lára. Ìwé ìròyìn fi ihò yẹn pariwo ìpànìyàn, àríyànjiyàn náà kò sì tán títí di òní. Ṣùgbọ́n ẹ tún oṣù tó lọ wò. Oṣù kẹfà kò fi bẹ́ẹ̀ ní òjò níbẹ̀, ooru ọ̀sán sì lè kọjá ìwọ̀n 40. Ọkùnrin mẹ́ta kan wá láti Utah ní oṣù keje ọdún 2010, oṣù kìíní ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n tó rí egungun wọn.

Nítorí náà, oṣù kẹwàá sí oṣù kẹrin ni àkókò. Kó má sí ẹni tó máa sọ pé òun jẹ́ ọmọ ilẹ̀ olóòrùn. Ooru Èkó ń jẹ́ kí òógùn ṣàn lára, o sì ń rí i. Ti Arizona dà bí ọyẹ́ tó ń jó: òógùn ń gbẹ kó tó kán, awọ rẹ á gbẹ, o máa rò pé o kò pàdánù omi. Iyọ̀ funfun tó bá là sára aṣọ rẹ ni ẹ̀rí.

Ìwọ̀n omi: lítà mẹ́rin fún ẹnì kan lọ́jọ́ kan nígbà òtútù, bí ooru bá mú, lítà kan fún wákàtí kan tí o bá fi ń rìn. Lítà kan jẹ́ kìlógíráàmù kan. Ọjọ́ mẹ́ta lítà 12, kìlógíráàmù 12 kó o tó ka oúnjẹ àti aṣọ. Ìwúwo yìí ló ń mú kí ènìyàn dín omi kù, tí wọ́n á sọ pé ìsun wà lọ́nà. Charlebois Spring ṣeé gbára lé ju púpọ̀ nínú wọn lọ, ṣùgbọ́n àwọn tó kù lórí máàpù lè gbẹ tán. Omi tó o bá rí, sè é tàbí kó o sẹ́ ẹ. Má mu omi nìkan láìfi iyọ̀ tàbí oúnjẹ oníyọ̀ sí i: omi púpọ̀ láìsí iyọ̀ ń fa orí fífọ́, èébì àti ìdààmú ọkàn, àwọn tó bá rí i á sì rò pé òùngbẹ ni, wọ́n á tún bu omi sí i.

Òfin kan wà tí kò gbọdọ̀ yẹ̀: bí omi rẹ bá ku ìdajì, ibi yòówù kó o dé, yí padà. Má sọ pé ó ku òkè kan. Bí ẹnì kejì rẹ bá ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tó ń sọ̀rọ̀ tí kò bára mu, ìrìn ti parí. Gbé e sábẹ́ òjìji, bu omi sí i lọ́rùn àti abíyá, fẹ́ ẹ, kí ẹlòmíràn lọ pe ìrànlọ́wọ́. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí nínú ọ̀pọ̀ àfonífojì, nítorí náà kọ ọ̀nà tí o máa gbà àti wákàtí tí o máa dé sílẹ̀ fún ẹni tó wà nílé, kó mọ ìgbà tó máa ké gbàjarè.

Ẹni tí kò bá tíì dé ibẹ̀ rí, kó lọ láti Peralta Trailhead, ibi tí ọ̀nà ẹsẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, dé Fremont Saddle lókè kó sì padà. Nǹkan bí kìlómítà mẹ́rin ni àlọ, o máa gòkè tó 400 mítà, Weaver's Needle á sì yọ sí ọ lójú kan náà bó o bá ti gun orí rẹ̀. Bí èyí bá gba gbogbo omi lọ́wọ́ rẹ, o ti mọ ibi tí agbára rẹ mọ.

*

Òfin ìjọba ńkọ́? Ẹ ò gbọdọ̀ fò ó. Nǹkan bí éékà 160,000 ni Superstition Wilderness, inú igbó ìjọba Tonto ló wà, láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1984 sì ni wọ́n ti ti ilẹ̀kùn ìwakùsà tuntun níbẹ̀. Kò sí ẹni tó lè fi igi sàmì sí ilẹ̀ kó ní òun ti ní kùsà. Ẹ̀rọ tó ń lo ẹ́ńjìnnì kò gbọdọ̀ wọlé, kẹ̀kẹ́ àti dírónù náà kò gbọdọ̀ wọlé. Ẹni tó bá ń wá ìṣúra tí ènìyàn fi pamọ́ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ń bójú tó igbó náà. Ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún wà lábẹ́ ààbò òfin 1979. Ìkòkò fífọ́, orí ọfà, má mú un, má yí i kúrò níbẹ̀. Àwọn Apache àti Yavapai ló ti ń gbé ilẹ̀ yẹn kí Waltz tó dé, ohun baba wọn ni.

Ihò àtijọ́ tó o bá rí, yálà ní Goldfield tàbí níbòmíràn, dúró lẹ́nu rẹ̀. Igi tó gbé e ró ti jẹrà. Atẹ́gùn burúkú lè kún ìsàlẹ̀ láìní òórùn, ẹni tó wọlé á ṣubú láìpariwo, ẹni tó sáré wọlé láti fà á jáde á ṣubú tẹ̀ lé e.

*

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, bí mo bá rí ohun tó ń dán yanran lára òkúta, báwo ni mo ṣe máa mọ̀?

*

Gba ẹ̀yìn táìlì, ibi tí kò ní dídán. Fa ohun náà lé e lórí. Wúrà á fi ìlà àwọ̀ ìyeyè sílẹ̀, pyrite tí wọ́n ń pè ní wúrà òmùgọ̀ á fi ìlà dúdú tó fẹ́ jọ àwọ̀ ewé sílẹ̀. Fi ẹnu abẹ́rẹ́ gún un: wúrà á tẹ̀ bí òjé, pyrite á fọ́ wẹ́wẹ́. Èyí tó sábà ń tan ènìyàn jẹ nínú iyanrìn ni mica tó ti gbó, òkúta tó ń ya ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ. Ó ń dán bí wúrà nínú òòrùn, ṣùgbọ́n bó o bá fi omi gbọ̀n ọ́n nínú àwo, á léfòó lọ pẹ̀lú ẹrẹ̀. Wúrà á rì sábẹ́ iyanrìn dúdú, kò ní kúrò níbẹ̀. Tún wò ó nínú òjìji ara rẹ. Mica á kú bí iná tó pa, wúrà á ṣì pọ́n.

*

Ẹ fi oyin kún un o, torí kò sí ẹni tó dárúkọ rẹ̀. Ejò tó ń mi ìrù bí ṣẹ́kẹ́rẹ́ máa ń kìlọ̀, oyin ibẹ̀ kì í kìlọ̀ púpọ̀. Inú pàlàpálá òkúta àti ẹnu ihò àtijọ́ ni wọ́n ń gbé. Bí o bá rí i tí wọ́n ń wọlé tí wọ́n ń jáde lójú kan, má ju òkúta síbẹ̀. Bí wọ́n bá dìde, fi aṣọ bo orí àti ojú, sá lọ tààrà, má ju ọwọ́, má sì dúró kó o tó dé inú mọ́tò. Má bọ́ sínú omi, wọ́n á dúró dè ọ́ lókè. Oró tó bá wà lára, ha á kúrò kíákíá. Ẹni tí èémí rẹ̀ bá ń há tàbí tí ojú rẹ̀ bá ń wú, ilé ìwòsàn ni o, kì í ṣe ohun à ń fi epo pa.