Ètò tó ń pe ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tó tún ń gba ìpè: ìsopọ̀ ń di méjì, ó sì ń dákẹ́

Ìbéèrè
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ètò tí mò ń fi Go (èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà) kọ kò ní ọ̀gá: ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan ń tẹ́tí ní pọ́ọ̀tù 7000 (pọ́ọ̀tù ni nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà tí ìpè ń gbà wọ inú ẹ̀rọ), ó sì tún ń pe àwọn yòókù. Ìsopọ̀ méjì ló ń wà láàárín ẹ̀dà méjì kan náà. Àdírẹ́sì tí wọ́n ń júwe fún ara wọn kò ṣeé pè. Nígbà míì, ẹ̀dà méjì, ká pè wọ́n ní A àti B, á kàn dákẹ́ láìsí àṣìṣe kankan nínú log (àkọsílẹ̀ ohun tí ètò ń ṣe).

Ìdáhùn 1
Ṣe ni àwọn méjèèjì pe ara wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fún ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan ní ID (nọ́ńbà ìdánimọ̀) báìtì 16, kí wọ́n fi kí ara wọn kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ìsopọ̀ bá di méjì, èyí tí ẹni tí ID rẹ̀ tóbi jù pè ni kí ẹ dá sí. Ẹ má ṣe ní kí kálukú pa èyí tó dé kẹ́yìn o: èyí tó kẹ́yìn lójú A lè jẹ́ àkọ́kọ́ lójú B, méjèèjì á sì kú pọ̀. Bí ID tó wọlé bá jẹ́ tiyín gan-an, ara rẹ̀ ni ètò náà pè. Ẹ já a.

Ní ti àdírẹ́sì, pọ́ọ̀tù tí RemoteAddr (ohun tí Go fi ń sọ àdírẹ́sì ẹnì kejì) ń fi hàn lórí ìpè tó wọlé kì í ṣe 7000. Ẹ̀rọ tó pè ló mú un fún ìgbà díẹ̀ (lórí Linux, láàárín 32768 sí 60999), kò sì sẹ́ni tó ń tẹ́tí níbẹ̀. Kí kálukú sọ pọ́ọ̀tù tirẹ̀ nínú ìkíni yẹn, kí ẹ wá so ó mọ́ IP (nọ́ńbà àdírẹ́sì ẹ̀rọ) tí ẹ rí.

Ìdáhùn 2
Ìdákẹ́ yẹn ló le jù. Ó jọ pé goroutine (iṣẹ́ kan tí Go ń ṣe pọ̀ mọ́ àwọn mìíràn lẹ́ẹ̀kan náà) tó ń ka ìsopọ̀ náà ló tún ń ṣiṣẹ́ lórí ìbéèrè. B béèrè nǹkan. A ní láti bi B léèrè kó tó lè fèsì. A wá ń dúró de èsì tó jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló yẹ kó kà á. Wọ́n á wà bẹ́ẹ̀ títí ni.

Kí òǹkàwé máa kà nìkan, kó máa pín iṣẹ́ fún goroutine mìíràn. Ẹ fi nọ́ńbà sórí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, àti báìtì kan tó ń sọ bóyá ìbéèrè ni tàbí èsì, torí apá méjèèjì ló ń bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà tirẹ̀ láti 1. TCP (ìlànà tí ìsopọ̀ yín ń lò) kì í pààlà sáàárín ọ̀rọ̀, nítorí náà ẹ fi báìtì 4 sọ gígùn rẹ̀ ṣáájú, kí ẹ sì kọ̀ láti gba ohun tó bá ju 1 MiB (báìtì 1,048,576) lọ kí ẹ tó ya àyè sílẹ̀ fún un.

Ìdáhùn 3
Àfikún sí ti àdírẹ́sì: bí ẹ̀dà kan bá wà lẹ́yìn NAT (ọ̀nà tí router, ẹ̀rọ tó so ilé mọ́ ìntánẹ́ẹ̀tì, fi ń jẹ́ kí ẹ̀rọ púpọ̀ lo IP kan), IP ti router lẹ máa rí, ìpè sí 7000 kò sì sábà ń wọlé. Kí ẹni tó gba àdírẹ́sì pè é padà lórí ìsopọ̀ tuntun kó tó júwe rẹ̀ fún ẹlòmíì. Èyí tí kò bá ṣeé pè, kó máa pe àwọn yòókù nìkan. Ìsopọ̀ kan náà tó láti béèrè àti láti fèsì.