Kì í ṣe ìrajà, kì í ṣe gbàǹjo: ẹ jẹ́ ká pè é ní àgbàṣe ìkérò

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ẹ rántí ohun tí mo béèrè lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan wà níwájú mi tí mò ń tú sí Yorùbá fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ó dá lórí bí ìjọba ìbílẹ̀ ṣe lè gbé iṣẹ́ kíkó èrò fún ọlọ́kọ̀, kí wọ́n jọ tọwọ́ bọ̀wé, kí ìjọba máa sanwó, kó sì máa ṣọ́ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Mo ní kí ẹ bá mi wá orúkọ fún gbogbo ètò yìí. Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ́kọ́ dáhùn ní “ìrajà ìrìnnà”. Ìyá wa, olùkọ́ àgbà, ní “gbàǹjo ọ̀nà” ló máa tètè yé tọmọdé tàgbà. Àbúrò wa kan ní kí n fi “kọ́ńtíráàtì” sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n ní Òṣogbo. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Mo ti gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹ̀ wò, kò sí èyí tí ọkàn mi gbà nínú wọn, mo sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀.

Bí mo bá ra ọjà, ọjà ti di tèmi, mo gbé e lọ sílé. Kí ni ìjọba ìbílẹ̀ gbé lọ sílé níbí? Ọkọ̀ ṣì jẹ́ ti ọlọ́kọ̀, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ni awakọ̀, orúkọ rẹ̀ ló wà nínú ìwé ọkọ̀. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lórí ọ̀rọ̀ yìí lọ́dún 2007 gan-an ya nǹkan mẹ́ta sọ́tọ̀: ọjà, iṣẹ́ bí títì àti ilé kíkọ́, àti iṣẹ́ tí èèyàn ń ṣe fúnni. “Ìrajà” bá àkọ́kọ́ mu nígbà tí wọ́n bá ń ra tábìlì àti jẹnẹrétọ̀. Ìkẹta là ń sọ yìí. A kì í ra iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lédè wa. A máa ń gbé iṣẹ́ fún un ni, òun náà á sì gbà á ṣe.

Ẹ wo ọkọ̀ ojú irin ọdún. Nígbà tí Arẹ́gbẹ́ṣọlá wà nípò gómìnà, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun máa ń ṣètò reluwé ọ̀fẹ́ láti Èkó fún àwọn tó ń bọ̀ wálé ọdún, wọ́n á sọ̀ sí tésàn wa níbí láìsan kọ́bọ̀. Mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ìjọba ra reluwé. “Ìjọba háyà ẹ̀” ni wọ́n ń wí. Háyà sì tọ́ níbẹ̀, torí ọjọ́ mélòó kan ni. Ẹ háyà bọ́ọ̀sì lọ síbi ìgbéyàwó ní Ìkìrun, ilẹ̀ ṣú, ẹ padà dé, ó parí. Ẹni tó máa kó èrò láràárọ̀ fún ọdún márùn-ún, tiẹ̀ ti kọjá háyà.

Ti gbàǹjo wá ńkọ́? Ìyá wa, ẹ má ṣe bínú sí mi. Níbi gbàǹjo, àwọn èèyàn dúró yí ọjà ká, wọ́n ń bu owó lé owó, ẹni tí tiẹ̀ bá ga jù ló máa gbé e. Èyí tó wà nílẹ̀ yìí dorí kodò. Ìjọba ló fẹ́ sanwó. Ẹni tó bá béèrè iye tó kéré jù, tí ìwé rẹ̀ pé, tí ohun tó ní sì kún ojú ìwọ̀n, ni òfin 2007 yẹn ní kí wọ́n gbé iṣẹ́ fún. Kò sì sí ariwo níbẹ̀. Inú àpò ìwé tí wọ́n lẹ̀ pa ni iye owó oníkálukú wà títí di ọjọ́ tí wọ́n máa tú gbogbo rẹ̀ lójú gbogbo wọn. Ohun tó tún ń dùn mí jù ni bí “gbàǹjo” ṣe rí létí: ohun tí wọ́n bá lù ní gbàǹjo, wọ́n tà á ní ọ̀pọ̀ yẹ̀pẹ́rẹ́ nìyẹn. Ẹni tó bá rí i lára ìwé ìjọba á ti máa fura kó tó ka ìlà kejì.

“Ìduṣẹ́” ni mo fi rọ́pò rẹ̀ fún ìgbà tí àwọn ọlọ́kọ̀ bá ń bára wọn fà á. A ti ní “dupò” àti “ìdupò” tipẹ́, èyí náà tọ ipa ọ̀nà kan náà. Ẹnìkan ti sọ fún mi lórí fóònù pé létí òun, ó jọ ìgbà tí wọ́n fi iṣẹ́ du èèyàn, bí a ti ń wí pé wọ́n fi ẹ̀tọ́ wa dù wá. “Fi” ló ń mú ìtumọ̀ yẹn wá. Kò sẹ́ni tó gbọ́ “ìdupò” tó rò pé wọ́n fi ipò du ẹnì kan. Ní ti ìwé tí wọ́n ń kọ iye owó sí, “ìwé ìdíyelé” ti tó.

Ó wá ku orúkọ ètò náà fúnra rẹ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bàbá mi máa ń mú alágbàṣe wá sóko, iye ebè tí wọ́n bá kọ ni wọ́n sì ń gbowó lé. Bí wọ́n bá ní igba ti pé, bàbá mi á gba àárín poro, á máa fi orí àdá tọ́ka sí ebè níkọ̀ọ̀kan, ètè rẹ̀ á máa mì, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bá a sọ̀rọ̀ títí á fi dé òpin. Lẹ́yìn náà ló máa tú owó. Iṣu tó bá ta, ńlá ni o, kékeré ni o, ti bàbá mi ni. Bí òjò bá kọ̀ tí kò rọ̀, bàbá mi ló jẹ àdánù rẹ̀; alágbàṣe ti gba tiẹ̀ lọ.

Ẹ fi wé ohun tí wọ́n ń ṣe ní London. Ilé-iṣẹ́ aládàáni ló ń wa bọ́ọ̀sì, àmọ́ ìjọba ìlú ló ń gba owó tí èrò ń san, òun ló sì ń san iye tí wọ́n kọ sínú àdéhùn fún ilé-iṣẹ́ náà. Ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni àdéhùn máa ń jẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Ọkọ̀ kún ni o, ọkọ̀ ṣófo ni o, ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ rin iye ìrìn tó wà nínú ìwé lásìkò. Ìrìn yẹn ni ebè wọn. Manchester náà, tó ti fi bọ́ọ̀sì sílẹ̀ fún ẹni tó bá wù láti 1986, padà sórí irú ètò yìí ní oṣù kẹsàn-án 2023, ó sì kárí gbogbo agbègbè wọn ní oṣù kìn-ín-ní 2025. Àgbàṣe pọ́ńbélé ni èyí, àwọn baba wa ì bá dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Mo dán an wò. Lọ́jọ́bọ̀, mo wà nínú kòròpé ní Ọláìyá, ó ku ẹyọ èrò kan kí ọkọ̀ tó kún. Awakọ̀ ti paná ọkọ̀. Ìyá kan gbé agbọ̀n tòmátì lé itan, omi rẹ̀ ń kán sí mi ní bàtà. Mo bi awakọ̀ pé, “Bí ìjọba ìbílẹ̀ bá ní àwọn fẹ́ fún ẹ ní àgbàṣe ìkérò, kí lo máa gbọ́ nínú ẹ̀?” Ó wò mí nínú gíláàsì. “Àgbàṣe? Á jẹ́ pé àwọn ló máa sanwó fún mi nìyẹn, kì í ṣe èrò. Ṣé wọ́n á máa san án lásìkò?” Mo ní bí wọ́n bá ń san án ńkọ́? Ó ní, “Mi ò ní dúró de ẹnikẹ́ni mọ́ nìyẹn, ọ̀gá. Bí àsìkò bá tó, mo ti lọ.” Ìyá onítòmátì ní, “Ẹ bá a sọ fún wọn kí wọ́n tètè bẹ̀rẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ kan péré ni mo sọ fún un, ó ti mọ ẹni tó máa sanwó, ó sì ti mọ ìdí tí ọkọ̀ fi máa gbéra láì tíì kún. “Kọ́ńtíráàtì” ò lè sọ èyí. “Ìkérò” ò sì ṣàjèjì sí i, torí ọkọ̀ akérò ló ń wà. Mi ò lo “ìrìnnà” torí ó fẹ̀ jù. Tirélà tó ń kó sìmẹ́ǹtì wà nínú ìrìnnà, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ tí oníkálukú ń gbé lọ síbi iṣẹ́.

Àbúrò wa sọ pé àwọn agbaṣẹ́ṣe ti ba “àgbàṣe” jẹ́, pé bí ará ìlú bá gbọ́ agbaṣẹ́ṣe lórí rédíò, ẹni tó gbowó sá lọ ni wọ́n ń rí. Ó ń dun èmi náà. Ní àdúgbò wa, ẹnìkan gba iṣẹ́ gọ́tà, ó gbẹ́ ẹ dé iwájú ilé mi, kò padà wá mọ́. Òjò ọdún méjì ti rọ̀ sínú kòtò yẹn. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká bi ara wa, ta ló ka ebè kí wọ́n tó tú owó fún un? Ẹni tó gbin ọgọ́rùn-ún iṣu tó ní òun gbin igba, bó bá jẹ ọgọ́rùn-ún iṣu tán, á wá jẹ ọgọ́rùn-ún irọ́. Inú “àgbàṣe” ni kíka ebè wà látilẹ̀wá, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ká gbà á padà dípò ká jù ú nù. Mo rò ó láti pe ṣíṣọ́ iṣẹ́ yìí ní “ìkà ebè”, ṣùgbọ́n ìkà tó jẹ́ ìwà burúkú ni òǹkàwé máa kọ́kọ́ rí. “Àyẹ̀wò iṣẹ́” ni mo fi sí i.

Nínú ìlú wa, ìjọba ìbílẹ̀ Òṣogbo àti Ọlọ́rundà pààlà, kòròpé kan náà sì lè gba inú méjèèjì kọjá. Bí wọ́n bá para pọ̀ gbé iṣẹ́ kan fún ọlọ́kọ̀ kan, mo pè é ní “àgbàṣe àjọgbé”.

Apá kan ló ṣì há mi lọ́rùn. Ètò míì wà tí ọlọ́kọ̀ fúnra rẹ̀ ti ń gba owó èrò, tí èrè àti àdánù jẹ́ tiẹ̀, tó sì lè san nǹkan fún ìjọba torí pé wọ́n fún un ní ọ̀nà náà. Nígbà tí BRT, bọ́ọ̀sì tó ní ojú ọ̀nà tirẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ní Èkó lọ́dún 2008, owó tí èrò ń san ni àwọn tó ń kó wọn fi ń gbọ́ bùkátà iṣẹ́. Ó kan àwa náà, torí òfin ilẹ̀ wa ti 1999 fi gáréèjì sábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Èyí kì í ṣe àgbàṣe. Ó jọ ẹni tó ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀, tó ń kó irè rẹ̀ sílé, tó sì ń san ìṣákọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà bá a mu wẹ́kú, ṣùgbọ́n mi ò lè kọ ọ́ sínú ìwé tí wọ́n máa kà ní Ifẹ̀ àti ní Modákẹ́kẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ti ṣàn lórí ìṣákọ́lẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà láàárín àwọn adẹ́mu, kí ni wọ́n ń pe ohun tí adẹ́mu ń san fún ẹni tó ni ọ̀pẹ? Bí ọ̀rọ̀ náà bá wà níbì kan, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi kí oṣù tó parí. Pẹ́ńsùlù ni mo ṣì fi kọ orúkọ orí kẹrin ìwé náà, tó dá lórí ètò yìí.