Kí ló fà á tí àrùn tí ń pa adìyẹ kì í fi í sábà pa pẹ́pẹ́yẹ?

Olùkọ́ Bàọ́lọ́jì, Òkè-Baálẹ̀, Òṣogbo

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀pọ̀ ilé ní àdúgbò wa ló ń sin adìyẹ àti pẹ́pẹ́yẹ pọ̀, inú abọ́ omi kan náà ni wọ́n sì ti ń mu. Nígbà tí mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi nípa fúlúù ẹyẹ, irú èyí tó kọ́kọ́ wọ Nàìjíríà láti ìpínlẹ̀ Kàdúná ní ọdún 2006, ọ̀kan nínú wọn béèrè ìdí tí àrùn náà fi ń kó adìyẹ lọ lọ́wọ̀ọ̀wọ́, tí pẹ́pẹ́yẹ tó gbé fáírọ́ọ̀sì kan náà sínú sì ń jẹ̀ kiri. Mo mọ̀ pé ara sẹ́ẹ̀lì ni àwọn ohun tí ń dá kòkòrò àrùn mọ̀ wà, èyí tí a ń pè ní risẹ́pítọ̀, ṣùgbọ́n ìwé tí à ń lò kò kọjá ọ̀rọ̀ ti ènìyàn. Ṣé irú tiwa náà ni ẹyẹ ní, àbí wọ́n ti ya ọ̀nà tiwọn? Báwo sì ni ti adìyẹ àti ti pẹ́pẹ́yẹ ṣe wá yàtọ̀ síra?

Dókítà Ẹran

Olùkọ́ wa, ẹ kú làálàá. Ibi tí ó yẹ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ni jíìnì kan tí wọ́n ń pè ní RIG-I. Inú sẹ́ẹ̀lì ni risẹ́pítọ̀ tí jíìnì yìí ń ṣe máa ń wà. Bí fáírọ́ọ̀sì fúlúù bá ti tú RNA rẹ̀, ìyẹn èròjà tó gbé àwọn jíìnì rẹ̀, sílẹ̀ níbẹ̀, RIG-I yóò rí àmì kan ní orí RNA náà tí kì í sábà sí lára RNA ti sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀, yóò sì figbe ta, títí sẹ́ẹ̀lì yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í tú interferon jáde, ìyẹn èròjà tí ń mú kí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà nítòsí dira de fáírọ́ọ̀sì. Ènìyàn ní in, pẹ́pẹ́yẹ ní in, ṣùgbọ́n ó ti pòórá lára adìyẹ. Ní ọdún 2010, àwọn onímọ̀ tẹ ìwádìí kan jáde nínú èyí tí wọ́n ti mú RIG-I ti pẹ́pẹ́yẹ, tí wọ́n fi sínú sẹ́ẹ̀lì adìyẹ. Sẹ́ẹ̀lì náà wá ń dá fáírọ́ọ̀sì mọ̀, iye fáírọ́ọ̀sì tó ń pọ̀ sí i nínú rẹ̀ sì dín kù. Lójú tèmi, ẹ̀rí yìí lágbára ju kí a kàn to jíìnì ẹyẹ méjì síra wọn lọ.

Nígbà tí ènìyàn àti pẹ́pẹ́yẹ ti jọ ní in, a jẹ́ pé baba ńlá tí ẹyẹ àti ẹran afọ́mọlọ́mú jọ ní, ní ohun tó lé ní 300 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, ti ní in. Ẹ̀yìn tí ìlà adìyẹ àti ti pẹ́pẹ́yẹ pínyà ni ó sọnù lọ́wọ́ adìyẹ. Irú àdánù bẹ́ẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n. Ẹyẹ kò ní risẹ́pítọ̀ TLR9, èyí tí àwa fi ń dá DNA bakitéríà mọ̀, ṣùgbọ́n risẹ́pítọ̀ mìíràn, TLR21, ń ṣe iṣẹ́ náà fún adìyẹ. TLR15 ńkọ́? Ẹyẹ àti àwọn ẹran afàyàfà ní in, àwa kò ní in rárá.

Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ rò pé RIG-I nìkan ló ń gba pẹ́pẹ́yẹ là. Adìyẹ ṣì ní risẹ́pítọ̀ MDA5 tó ń ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ náà, àwọn ẹ̀yà fúlúù ẹyẹ H5N1 kan sì wà tí ń pa pẹ́pẹ́yẹ gan-an. Ẹ sì bá wa sọ fún àwọn òbí wọn pé kí wọ́n ya abọ́ omi àwọn méjèèjì sọ́tọ̀, torí pé pẹ́pẹ́yẹ tí ara rẹ̀ le lè máa ya fáírọ́ọ̀sì sínú omi tí adìyẹ ń mu.

Àgbẹ̀ Adìyẹ, ọ̀nà Iléṣà

Ẹ ṣeun, Dókítà. Tèmi jẹ mọ́ Gọ́mbórò, àrùn fáírọ́ọ̀sì tí ń kọlu òròmọdìyẹ. Ẹni tó bá ti la òròmọdìyẹ tí Gọ́mbórò pa mọ ohun tí mò ń sọ: kókó kékeré kan wà lókè ihò ìdí, yóò wú, omi kíki aláwọ̀ ìyeyè yóò bò ó, nígbà mìíràn ẹ̀jẹ̀ yóò wà nínú rẹ̀. Bí òròmọdìyẹ náà bá yè é, kókó yẹn yóò sún kì. Láti ìgbà náà lọ, àjẹsára àrùn Newcastle, àrùn adìyẹ mìíràn, tí mo bá fún un kì í mú un dáadáa mọ́, bẹ́ẹ̀ omi kànga ni mo fi ń po àjẹsára mi, mo sì máa ń kọ́kọ́ da mílíìkì oníyẹ̀fun tí kò lọ́ràá sí i. Báwo ni kókó kan ṣoṣo ṣe ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́?

Dókítà Ẹran

Ẹ̀gbọ́n, bọ́sà ni kókó yẹn, ìbéèrè yín sì wọnú ọ̀rọ̀ Olùkọ́ gan-an. Fabricius ará Ítálì ló ṣàpèjúwe rẹ̀ nínú ìwé tó jáde ní ọdún 1621, ṣùgbọ́n ọdún 1956 ni Bruce Glick àti Timothy Chang tó fi hàn ní Amẹ́ríkà pé adìyẹ tí a bá ti yọ bọ́sà rẹ̀ láti kékeré kì í lè ṣe áńtíbọ́dì, ìyẹn èròjà tí ara fi ń gbógun ti kòkòrò àrùn, bó ti yẹ.

Ibẹ̀ ni adìyẹ ti ń ṣe onírúurú risẹ́pítọ̀ fún sẹ́ẹ̀lì B rẹ̀, ìyẹn àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń ṣe áńtíbọ́dì. Ènìyàn ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ègé jíìnì V (ègé tí a fi ń ṣe risẹ́pítọ̀ náà) tó ń ṣiṣẹ́, inú wọn ni sẹ́ẹ̀lì B kọ̀ọ̀kan ti ń ṣà. Ti adìyẹ kò rí bẹ́ẹ̀: ẹyọ V kan péré ló ń ṣiṣẹ́ fún apá fúyẹ́ risẹ́pítọ̀ náà, ẹyọ kan fún apá wúwo. Ká ní ó parí síbẹ̀, ìwọ̀nba kòkòrò díẹ̀ ni ara rẹ̀ ì bá lè dá mọ̀. Àmọ́ nǹkan bí ègé 25 tí kò lè dá ṣiṣẹ́ wà nítòsí ti àkọ́kọ́, nǹkan bí 80 sì wà nítòsí ti èkejì. Nínú bọ́sà, sẹ́ẹ̀lì á máa ṣe àdàkọ díẹ̀díẹ̀ láti ara àwọn òkú jíìnì yìí sórí èyí tó ń ṣiṣẹ́, bí ìgbà tí aránṣọ bá ń gé àkísà àdìrẹ oríṣiríṣi lẹ ara aṣọ kan ṣoṣo, títí tí aṣọ ẹnì kan kò fi ní jọ ti ẹlòmíràn mọ́.

Sẹ́ẹ̀lì B tó wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí ni fáírọ́ọ̀sì Gọ́mbórò ń pa. Láàárín ọ̀sẹ̀ 3 sí 6 ni àrùn náà sì máa ń le jù; bọ́sà fúnra rẹ̀ máa ń rọ nígbà tí adìyẹ bá bàlágà. Òròmọdìyẹ tí ó bá pàdánù wọn kò ní ohun tí yóò fi gba àjẹsára Newcastle yín, bó ti wù kí ẹ pò ó dáadáa tó. Ẹ tún ṣọ́ àkókò: IgY, irú áńtíbọ́dì kan tí ìyá fi sínú pupa ẹyin, ń dáàbò bo ọmọ, ṣùgbọ́n bí ó bá ṣì pọ̀ lára rẹ̀, ó lè pa àjẹsára Gọ́mbórò tí ẹ tètè fún un.

Olùkọ́ Bàọ́lọ́jì, Òkè-Baálẹ̀, Òṣogbo

Mo dúpẹ́ púpọ̀. Ṣé ìyàtọ̀ lè wà láàárín adìyẹ méjì nínú agbo kan náà?

Dókítà Ẹran

Ó wà, pàápàá nínú àwọn jíìnì MHC tí ń fi ègé kòkòrò han risẹ́pítọ̀ sẹ́ẹ̀lì T, irú sẹ́ẹ̀lì mìíràn tí ń gbógun ti àrùn. Wọn kò pọ̀ lára adìyẹ, nítorí náà irú ẹyọ kan tí ó bá jogún lè pinnu ìyè rẹ̀: àwọn tó ní irú MHC tí à ń pè ní B21 máa ń borí àrùn Marek, àrùn fáírọ́ọ̀sì tí ń mú kókó jẹjẹrẹ hù lára adìyẹ, àwọn tó ní B19 kì í sábà lè borí rẹ̀. Àwọn tí ń yan ìran adìyẹ tí ń yé ẹyin ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún èyí tipẹ́.