Ilé olódi Jàpáánì wo ni kí a lọ wò?

Ìyá Dàpọ̀: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo nílò ìmọ̀ràn yín. Lọ́dún tó kọjá, mo mú ọmọ mi, ọmọ ọdún mọ́kànlá, lọ wo ilé olódi Conwy ní Wales. Látìgbà náà kò sọ ọ̀rọ̀ mìíràn mọ́. A ń lọ sí Jàpáánì ní oṣù kẹrin, Osaka la máa dé sí. Màmá mi ń bá wa lọ, orúnkún sì ń dùn wọ́n. Ọjọ́ méjì péré ni mo ní fún ilé olódi. Èwo ni kí a lọ? Ṣé bíi Conwy náà ni tibẹ̀ rí?

Bàbá Ìyanu: Himeji ni, ilé olódi tó wà ní ìlú tó ń jẹ́ orúkọ kan náà. Ọdún 1609 ni Ikeda Terumasa, olóyè tó ni ibẹ̀ nígbà náà, parí ilé ńlá tó wà níbẹ̀ dòní, igi sì ni. Bọ́ǹbù jó ìlú náà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ilé náà kò jóná. Wákàtí kan ni reluwé láti Osaka. Bí ẹ bá ti jáde ní ibùdó reluwé, ọ̀kánkán yín lẹ ó ti rí i, funfun báláú. Orúkọ ẹyẹ funfun kan tó jọ lékeléke ni wọ́n fi ń pè é.

Dékẹ́mi: Ẹ ronú nípa màmá o. Osaka fúnra rẹ̀ ní ilé olódi, lífítì sì wà níbẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́ Leeds: Lífítì wà lóòótọ́, àmọ́ kọnkéré ni wọ́n fi kọ́ ọ ní 1931. Ilé gíga àtijọ́ tó ṣẹ́kù ní gbogbo Jàpáánì kò ju méjìlá lọ, ó máa dùn mí kí ọmọ yẹn rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀ kó má rí ọ̀kan nínú wọn.

Ìyá Dàpọ̀, kò jọ Conwy rárá. Edward Kìíní, ọba Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ́ Conwy láàárín 1283 sí 1287, lẹ́yìn tó ṣẹ́gun Wales. Ilé-ìṣọ́ mẹ́jọ, yàrá ọba sì wà nínú odi kan náà. Nígbà tí àwọn ará Wales dìde sí i, inú ibẹ̀ lọ́ba há sí nígbà òtútù 1294 sí 1295. Ibi tó ń sùn náà ló ti ń jà. Ní Jàpáánì, ilé gíga tí ẹ ń rí nínú fọ́tò, tenshu ni wọ́n ń pè é, ọ̀gá tó ni ibẹ̀ kì í sábà gbé inú rẹ̀. Ààfin rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Wọ́n ń ṣọ́ ọ̀nà láti orí tenshu, wọ́n ń kó nǹkan pa mọ́ síbẹ̀, ibẹ̀ ni wọn yóò sì sá sí bí ogun bá ti wọlé tán. Ó tún wà kí èrò ọ̀nà lè rí i lókèèrè, kí wọ́n mọ ẹni tó ni ìlú. Bí ẹ bá wọlé tó jẹ́ pákó gbalasa lẹ bá, kò sí ibùsùn, ẹ má rò pé wọ́n ti kó ẹrù lọ. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà.

Tíṣà Akin: Ẹ jẹ́ kí Dàpọ̀ máa ka ẹnubodè ní Himeji. Ẹ ó rò pé ẹ ti dé ìdí ilé, ọ̀nà á tún yí yín sẹ́yìn. Gbogbo bí ọ̀tá ṣe ń yí kiri yẹn, wọ́n ń yìnbọn sí i láti inú ihò ara ògiri: roboto, onígun mẹ́ta, onígun mẹ́rin. Ọgbọ́n Beaumaris yàtọ̀ (ilé olódi Wales náà ni, 1295 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ, wọn ò parí ẹ). Yàrà olómi ló kọ́kọ́ yí i ká, lẹ́yìn náà odi méjì, ọ̀kan nínú èkejì. Ẹni tó bá gba odi ìta ti há sáàárín, ọfà á máa rọ̀ lé e lórí.

Ẹ wo ìdí tenshu náà. Wọn ò fi nǹkan kan lẹ òkúta wọ̀nyẹn pọ̀. Ó fẹ̀ nísàlẹ̀, ó ń tẹ̀ wọnú bó ṣe ń gòkè. Mo dúró síbẹ̀ títí ìyàwó mi fi wá fà mí.

Ìyá Dàpọ̀: Ẹ ṣeun gan-an. Màmá ńkọ́?

Àbẹ̀kẹ́ Leeds: Kí wọ́n má gun Himeji o. Ẹ máa bọ́ bàtà, àtẹ̀gùn rẹ̀ sì ga bí àkàbà. Ọgbà Koko-en wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, kí wọ́n jókòó síbẹ̀ dè yín. Ní ọjọ́ kejì, ẹ lọ sí ilé olódi Nijo ní ìlú Kyoto, tí Tokugawa Ieyasu, olórí ológun tó ń ṣàkóso Jàpáánì nígbà náà, kọ́ ní 1603. Ààfin ibẹ̀ ṣì dúró, kì í ṣe ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, pákó rẹ̀ sì ń ké bí ẹyẹ bí ẹ bá ń rìn lórí rẹ̀. Màmá á rìn ín tán. Ibẹ̀ ni Dàpọ̀ á ti rí ibi tí ọ̀gá wọn ń gbé ní ti gidi.

Bàbá Ìyanu: Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni Himeji ń ṣí. Òdòdó máa ń tanná ní oṣù kẹrin, èrò á pọ̀. Ẹ tètè débẹ̀.