Súìṣì wo ni kí n fi tan rotary converter mi?

Àrẹ̀mú: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí. Ẹ̀rọ lathe mi ń fẹ́ féèsì mẹ́ta, féèsì kan ṣoṣo ló sì wọ ilé mi, ni mo bá fi mọ́tò 7.5 hp ṣe rotary converter, ẹ̀rọ tó ń sọ féèsì kan di mẹ́ta. Súìṣì lásán, irú èyí tí à ń fi tan gílóòbù, ni mo fi so kàpásítọ̀ ìbẹ̀rẹ̀, èyí tó ń ta mọ́tò jí, mọ́ ọn. Láàárọ̀ yìí, mo tan án, fóònù dún, mo sì lọ gbé e. Kí n tó padà, kàpásítọ̀ ti bú gbàmù, bébà tútù inú rẹ̀ sì ti lẹ̀ mọ́ àjà. Súìṣì wo ni kí n rà, ámpù mélòó ni kó sì lè gbé?

Bọ̀dá Lékan: Àbúrò, dúpẹ́ pé ojú rẹ kò sí nítòsí. Kàpásítọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ kì í gbé orí iná. Bí mọ́tò bá ti mú eré, ó gbọ́dọ̀ já kúrò láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì. Bọ́tìnnì tí yóò já fúnra rẹ̀ bí o bá ti gbé ìka kúrò ni kí o lò, kí ó sì máa pàṣẹ fún kọ́ntákítọ̀, ìyẹn súìṣì alágbára tí kọ́ìlì (wáyà wíwé) inú rẹ̀ ń fà pa pọ̀ bí iná bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, nítorí bọ́tìnnì kékeré kò lè gbé iná kàpásítọ̀.

Ìyá Ìbejì: Ẹ má bínú, bọ̀dá, ọwọ́ ènìyàn ló gbàgbé lónìí, òun náà ni yóò gbàgbé lọ́la. Rílè, súìṣì tó ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀, tó ń ṣọ́ fólítì wáyà kẹta, èyí tí mọ́tò fúnra rẹ̀ ń pèsè, ló dára, nítorí bí mọ́tò ṣe ń mú eré ni fólítì ibẹ̀ ń ga, títí rílè yóò fi já kàpásítọ̀ sílẹ̀. Àṣìṣe tèmi ni pé mo ra èyí tó ń dúró de fólítì tí mọ́tò mi kò lè dé. Kàpásítọ̀ méjì ló bá a lọ. Ẹ fi mítà wọn wáyà kẹta kí ẹ tó ra rílè.

Bọ̀dá Lékan: Ṣé ẹ rí i pé rílè náà a máa gbàgbé?

Ìyá Ìbejì: Rílè kò gbàgbé, bọ̀dá, èmi ni mo ra èyí tí kò bá a mu.

Àlàmú: Ẹ ń jà lórí kàpásítọ̀, ẹ gbàgbé súìṣì ńlá. Iná ọba lọ mọ́ mi lọ́wọ́ níjọ́ kan, mo fi súìṣì sílẹ̀ ní títàn, mo bọ́ síta. Nígbà tí iná dé, mọ́tò kò yí, ó kàn ń kùn hùn-ún, bẹ́ẹ̀ mọ́tò tó dúró gbagidi lórí iná lè fa ìlọ́po márùn-ún sí méje ohun tó ń fà bó bá ń yí. Kí n tó gbóòórùn fáníìṣì, wáyà inú rẹ̀ ti dúdú bí èédú. Àrẹ̀mú, lo kọ́ntákítọ̀ tí yóò já bí iná bá lọ, kí o sì so kọ́ìlì rẹ̀ mọ́ wáyà méjì tó ti ìta wọlé, má so ó mọ́ ìkẹta láéláé, nítorí ìkẹta kò lágbára títí mọ́tò yóò fi yí.

Àdùkẹ́: Èmi kò ní kàpásítọ̀ rárá. Okùn ni mo ń wé mọ́ púlì, n kò so ó, mo kàn ń fà á; bó bá ti ń sáré ni mo ń fún un ní iná. Bí jẹnẹrétọ̀ kékeré ilé gẹ́lẹ́ ni. Nígbà mìíràn, mo máa ń fẹ́ gbọ́ kí ẹnì kan pariwo “Up NEPA!”

Ará Houston: Tiwa níbí rọrùn: wáyà méjì, 240 V, 60 Hz, mọ́tò onípóòlù mẹ́rin sì ń sún mọ́ 1,800 ìyípo ní ìṣẹ́jú kan. Ti London, tó jẹ́ 50 Hz, kò lè kọjá 1,500.

Ará London: Ẹ máa sáré lọ. Wàhálà tiwa ni mọ́tò tí wọ́n kọ 400 V sí lára, tí 230 V kò lè gbé àfi bí a bá lè tún wáyà inú rẹ̀ so sí delta, ìsopọ̀ onígun mẹ́ta.

Àrẹ̀mú: Ẹ ṣé gan-an. Ámpù mélòó wá ni?

Àlàmú: Ya àwòrán pátákó ara mọ́tò náà ránṣẹ́. Má kàn ra ohun tí o bá kà níbẹ̀, nítorí wáyà méjì ni yóò máa gbé ẹrù wáyà mẹ́ta.

Àdùkẹ́: Okùn kò ní ámpù o.