Clim (ẹ̀rọ amúlétutù) orí mọ́tò nínú ooru Ṣábẹ̀ẹ́: ẹ wá sọ ohun tí ojú yín rí

Awakọ̀ Àjàṣẹ́

Ẹ kú ọ̀gbẹlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi ná, kí ẹ tó fi tiyín lé e.

Ọ̀gá mi ń ra kajú. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá ti mú, agbègbè Ṣábẹ̀ẹ́ ní ilẹ̀ Benin la máa ń wà títí òjò yóò fi dé, láti abúlé kan bọ́ sí òmíràn. Ọ̀gá ò fẹ́ máa sùn nílé onílé, hòtẹ́ẹ̀lì ò sì sí nínú oko kajú. Ló bá lọ ra camping-car àlòkù kan ní Kútọnu, mọ́tò gbọọrọ tó ní ibùsùn, ibi ìdáná àti firíìjì nínú, tí clim sì jókòó sórí òrùlé rẹ̀ bí adìyẹ tó sàba. Ó wò mí, ó ní, "Láti òní lọ, ilé mi ni wàá máa wa kiri." Mo rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí a dán an wò nínú ọgbà ọ̀gá l'Ájàṣẹ́ (Porto-Novo), ó tutù débi pé ìyàwó ọ̀gá lọ wá ìborùn. Ó dáa. A gba Ṣakẹ́tẹ́ àti Pọ́bẹ̀, a dé Kétu, a yà sílé ẹ̀gbọ́n ọ̀gá nítorí ìnáwó kan. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Mo gbé mọ́tò sábẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn ilé, níbi tí òjìji wà. Ó jìnnà sílé díẹ̀, a sì yá rallonge (wáyà tí wọ́n fi ń fa iná jìnnà) aládùúgbò, ó tó 50 mítà, tín-ín-rín bí okùn aṣọ. Mo tan clim. Fáànù rẹ̀ fẹ́ atẹ́gùn, ṣùgbọ́n atẹ́gùn gbígbóná ni. Nígbà tí kọ̀mpúrẹ́sọ̀, ẹ̀rọ inú clim tó ń ti gáàsì kiri, fẹ́ gbéra, ó kùn hùn-ùn-ùn, ó dákẹ́ ta! Bí ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó tún kùn, ó tún dákẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe di ìrọ̀lẹ́. Ọ̀gá bọ́ ẹ̀wù, ó bọ́ síńgílẹ́ẹ̀tì, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà camping-car pẹ̀lú abẹ̀bẹ̀ tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún un. Mi ò lè wo ojú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, a pe frigoriste kan, ẹni tó ń tún clim ṣe. Kò tíì gun orí òrùlé tó ti ní gáàsì ló tán. Ó gba 35,000 fààràn, ó ro gáàsì sí i, ó lọ. A tan án: hùn-ùn-ùn, ta!

Bàbá àgbà kan tó ń tún firíìjì ṣe nítòsí ni wọ́n wá mú wá fún wa. Bàbá ò tilẹ̀ wo clim. Wáyà ló kọ́kọ́ fọwọ́ kàn, ó sì yára fa ọwọ́ padà, torí pé ìyókù rallonge tí a ò tú, tí a ká jọ sílẹ̀ bí ejò, ti gbóná bí etí ìkòkò. Ó mú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn iná jáde. Nínú ilé, 205 fólítì. Nínú mọ́tò, nígbà tí clim kò tíì tan, 200. Ó ní kí n tan clim, kí n sì máa wo nọ́ńbà náà. Bí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ṣe ní òun fẹ́ gbéra, nọ́ńbà já wálẹ̀ sí 160. Bàbá wò mí, ó ní, "Ọmọ mi, ara ẹ̀rọ yín dá ṣáṣá. Ebi ló ń pa á."

Ó wá ṣàlàyé. Iná tí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ń gbé mì nígbà tó ń gbéra máa ń tó ìlọ́po mélòó kan iná tó ń jẹ tó bá ti ń ṣiṣẹ́. Bí wáyà bá gùn, tó sì tún tín-ín-rín, ojú ọ̀nà ni iná ti ń run, òun ló di ooru tí ọwọ́ bàbá kàn. Ìwọ̀nba tó kù ò lè gbé kọ̀mpúrẹ́sọ̀ dìde. Tí a bá sì ń fipá mú un bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, yóò jóná pátápátá lọ́jọ́ kan. Mo bi í bóyá régulateur, ẹ̀rọ tó ń gbé iná tó rẹlẹ̀ sókè, lè gbà wá. Ó ní tí mo bá fi régulateur sídìí wáyà burúkú, ńṣe ni yóò tún máa fa iná púpọ̀ sí i gba inú wáyà náà. Kí n pààrọ̀ wáyà ná.

A kó mọ́tò kúrò lábẹ́ máńgòrò, a gbé e sún mọ́ ògiri ilé, a ra wáyà tó nípọn, oní-2.5 mm², mítà mẹ́wàá, a tú u gbalaja. Ó gbéra lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọ̀gá wọ ẹ̀wù rẹ̀ padà.

Gáàsì tí a rò sí i ńkọ́? Ó ti pọ̀ jù. Bàbá ní láti jọ̀ díẹ̀ nínú rẹ̀, a tún sanwó ìyẹn náà. Ọ̀pọ̀ clim orí mọ́tò ni wọ́n ti dí pa láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é, gáàsì inú rẹ̀ kì í ṣe bẹntiróòlù tó ń tán. Tí kò bá jò níbì kan, kò tán. Látìgbà náà, ẹni tó bá dárúkọ gáàsì fún mi kó tó wọn iná, mo ti mọ irú ẹni tó jẹ́.

Ṣábẹ̀ẹ́ tún ní tiẹ̀. Ẹ ṣáà mọ àwọn òkè àpáta wọ̀nyẹn. Mo wo ibi tí àpáta ti bo oòrùn ìrọ̀lẹ́, mo gbé mọ́tò tì í, mo ní mo gbọ́n. Ẹ̀yin ará, òkúta tó ti yá oòrùn láti àárọ̀ ò dákẹ́ lóru! Títí di aago méjì òru ló ń dá ooru náà padà fún wa díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń san gbèsè. Ibi gbalasa tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ la sùn lọ́jọ́ kejì, ó sì yàtọ̀ gan-an.

Ó yá, mo ti tò ó sílẹ̀. Ta ló kàn?

Ìyá Olóúnjẹ Ṣábẹ̀ẹ́

Awakọ̀, ẹ pẹ̀lẹ́ o, pàápàá ọ̀gá yín. Èmi ò ní clim, mi ò sì ní mọ́tò, ṣùgbọ́n àwọn òyìnbó méjì kan, tọkọtaya, gbé camping-car wọn síwájú ṣọ́ọ̀bù mi lọ́dún kan nígbà ọyẹ́. Iná ò sí níbẹ̀. Ohun tí mo rí wọn ṣe ni pé wọ́n rẹ aṣọ inura sínú omi, wọ́n fún un, wọ́n gbé e kọ́ síwájú fáànù kékeré kan tó ń lo bátìrì, wọ́n sì ṣí fèrèsé òdìkejì sílẹ̀. Mo rò pé eré ni. Ìyàwó náà pè mí wọlé. Ó tutù! Kò tutù bíi ti clim, ṣùgbọ́n bí abẹ́ igi odán létí odò.

Mo ní ṣé kì í ṣe ohun tí ìkòkò amọ̀ ń ṣe fún omi mímu náà nìyẹn? Omi tó ń gbẹ lára nǹkan ló ń gbé ooru rẹ̀ lọ.

Nígbà tí ọmọ mi obìnrin bímọ l'Ájàṣẹ́, mo lọ ń ṣe ọgbọ́n yìí fún ìyá ọmọ nínú yàrá. Ẹ wá wo ìtìjú. Aṣọ ò gbẹ, ògiri ń làágùn, ìyá ọmọ ń làágùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àna mi ní, "Ìyá, ṣé ẹ fẹ́ sè wá ni?" Afẹ́fẹ́ Àjàṣẹ́ ti mu omi ọ̀sà yó tẹ́lẹ̀, kò ráàyè fún tèmi. Nítorí náà, aṣọ títutù dáa ní Ṣábẹ̀ẹ́ nígbà ọyẹ́ àti ọ̀gbẹlẹ̀. Tí ẹ bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ sí ìhà òkun, ẹ ká a sínú àpò.

Ọmọ Kétu

Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o. Ní tiwa, àwọn àbúrò mi ló ṣàánú mọ́tò. Wọ́n ní oòrùn ti pọ̀ jù lórí òrùlé, wọ́n lọ gé imọ̀ ọ̀pẹ, wọ́n fi bò ó látòkè délẹ̀. Inú wá tutù lóòótọ́, fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Lẹ́yìn náà clim paná ara rẹ̀. Wọ́n ti bo clim náà mọ́ ọn! Ooru tí clim ń kó nínú mọ́tò, òkè ló ń tú u dà sí. Tí ẹ bá bò ó lórí, ooru kan náà ni yóò máa gbé mì padà.

A ṣí orí clim sílẹ̀, a ri òpó mẹ́rin mọ́lẹ̀, a gbé imọ̀ sókè bí àtíbàbà kí atẹ́gùn lè máa gba àárín òun àti òrùlé kọjá. Ìyẹn ṣiṣẹ́.

Gíláàsì iwájú náà ńkọ́? Ibẹ̀ gan-an ni oòrùn ń gbà wọlé jù. Ìta ni kí ẹ ti fi ẹní bò ó. Tí ẹ bá ta kọ́tìnnì sí i nínú, oòrùn ti wọlé tán kó tó bá kọ́tìnnì pàdé.

Mẹkaníìkì Ojú Ọ̀nà

Kúkúrú ni tèmi. Eruku pupa. Wọ́n gbé mọ́tò kan wá fún mi lóṣù kẹta, wọ́n ní clim ò fẹ́ atẹ́gùn mọ́. Mo ṣí i, yìnyín ló kún inú rẹ̀. Yìnyín o, nínú ooru yẹn! Asẹ́ rẹ̀ ti di pa, afẹ́fẹ́ ò ráàyè kọjá lára páìpù tútù, omi ara páìpù wá dì. Mo ní kí wọ́n pa kọ̀mpúrẹ́sọ̀, kí wọ́n jẹ́ kí fáànù nìkan máa ṣiṣẹ́ títí yìnyín yóò fi yọ́. Mo fọ asẹ́ náà, omi rẹ̀ dà bí omi ẹlẹ́pa. Ó parí. Lójú ọ̀nà oko, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni kí ẹ máa fọ̀ ọ́.

Onísólà Wàndó

Mo ti ń retí ẹni tí yóò dárúkọ sólà. Kò sí oṣù tí ẹnì kan ò wọ ṣọ́ọ̀bù mi pé wọ́n ti ta pánẹ́ẹ̀lì kan fún òun, wọ́n ní yóò gbé clim láti àárọ̀ dalẹ́. Èmi náà gbà á gbọ́ nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo sì fi mọ́tò ara mi dán an wò. Ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò.

Clim kékeré orí mọ́tò tó ń jẹ 800 wáàtì, tó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan, ó ti jẹ 800 wáàtì-wákàtí. Bátìrì lithium oní-12 fólítì tó jẹ́ 200 Ah (ìwọ̀n iná tó lè gbà), ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ju nǹkan bí 2,500 wáàtì-wákàtí lọ. Ẹ yọ èyí tí ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di 220 ń jẹ kúrò. Kò ní pé wákàtí mẹ́ta kí bátìrì tó tán. Pánẹ́ẹ̀lì 200 wáàtì kan, lọ́jọ́ tí oòrùn dáa, kò ní fún yín ju 1,000 wáàtì-wákàtí lọ ní ọjọ́ kan gbáko. Ẹ rí i pé oòrùn ọjọ́ kan, clim wákàtí kan ni.

Tí bátìrì bá sì jẹ́ ti atijọ́, èyí tí wọ́n ń pọn omi sí, ẹ ò gbọdọ̀ lò ju ìdajì rẹ̀ lọ kó má baà tètè kú.

Ohun tí mo ń ṣe báyìí ni pé fáànù ni sólà mi ń gbé, ó sì ń gbé e tọ̀sán-tòru. Clim di ti ibi tí iná bá wà.

Ìyá Ìbejì

Mo ń kà á bọ̀ látòkè, ẹnikẹ́ni ò tíì sọ ti jẹnẹrétọ̀. A ń bọ̀ láti òde ìsìnkú, a sun ojú ọ̀nà nínú mọ́tò bàbá wọn. Ó gbé jẹnẹrétọ̀ sí ẹ̀yìn mọ́tò, ó tan clim, a ti fèrèsé, ó ku ihò afẹ́fẹ́ kékeré kan nísàlẹ̀. Láàárín òru, ọ̀kan nínú àwọn ìbejì jí, ó ń bì. Èmi náà dìde, orí mi ń fọ́ bí ẹni pé wọ́n ń gún iyán nínú rẹ̀, ẹsẹ̀ mi ò gbé mi. Afẹ́fẹ́ ti yí padà, èéfín ń gba ihò yẹn wọlé, gáàsì olóró inú rẹ̀ (carbon monoxide) kò sì ní òórùn rárá. Mo kó àwọn ọmọ bọ́ sílẹ̀, mo pariwo bàbá wọn. Títí ilẹ̀ fi mọ́, ìta la jókòó sí lórí ẹní.

Bàbá wọn ò tan jẹnẹrétọ̀ sùn mọ́. Mo sì ti ra ẹ̀rọ kékeré tó máa ń ké tí gáàsì bẹ́ẹ̀ bá wọlé. Ooru ò pa wá lọ́jọ́ yẹn, òtútù ló fẹ́ pa wá.

Awakọ̀ Àjàṣẹ́

Ìyá Ìbejì, a kú ewu o. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí irú rẹ̀ mọ́. Mo ti ka èyí sí ọ̀gá létí, ó ní kí n lọ gbé jẹnẹrétọ̀ wa kúrò nídìí mọ́tò báyìí báyìí.

Ọmọ Kétu, a ti fi ẹní bo gíláàsì láti ìta lánàá. Clim tó ń ṣiṣẹ́ láìsinmi láti ọ̀sán di alẹ́ tẹ́lẹ̀ ti ń dákẹ́ fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Aago mẹ́wàá àárọ̀ la tún ti ń tàn án báyìí, kí ooru tó ráyè wọ inú tìmùtìmù àti pákó, torí tí a bá dúró di aago méjì ọ̀sán, ilẹ̀ a ṣú kí ó tó tutù. Lóru, ọ̀gá ti gba fáànù àti aṣọ títutù Ìyá Olóúnjẹ. Ó ní kí n bá òun kí wọn.

Onísólà, èmi ń bọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù yín. Ẹ bá mi wo wáyà 2.5 lọ́jà Wàndó, mítà mẹ́wàá sí i, aládùúgbò Kétu ti ń béèrè rallonge rẹ̀ tó yọ́.