Àwòrán tẹlifíṣọ̀n wa ń dán, ohùn ẹ̀ ni ò yé wa: ṣé soundbar ni kí n rà?

Màmá Kubwa

Ẹ kúulé o ẹ̀yin ará wa. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí n tó náwó. A ra tẹlifíṣọ̀n tuntun ní Wuse, 55 inch, 4K, àwòrán ẹ̀ dára gan-an ni, kò sẹ́ni tó wọlé tí kì í yìn ín. Àmọ́ tá a bá ti fẹ́ wo fíìmù Yorùbá báyìí, wàhálà dé nìyẹn. Táwọn òṣèré bá ń sọ̀rọ̀, àfi bíi pé inú yàrá kejì ni wọ́n wà, màá gbé fọ́líùmù sókè dé 60 kí n tó gbọ́ nǹkan tí wọ́n ń sọ, ìgbà tí ìlù bá wá bẹ̀rẹ̀ lójijì, gbogbo ilé á mì tìtì, ọmọ kékeré á ta gìrì jí, màá tún sáré wá rìmóòtù. Bá a ṣe ń bá a fà á nìyẹn títí fíìmù á fi parí.

Kì í ṣe ariwo ni mò ń wá o. Màmá mi wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n wà, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn dáadáa mọ́, fíìmù sì lohun tó ń mú inú wọn dùn jù. Àwọn ọmọ mi náà ńkọ́? Ní Kubwa l'Abuja níbí, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ níléèwé, Haúsá ni wọ́n ń bá àwọn ọmọ kọ̀ńpáùn sọ, Yorùbá tí wọ́n ń gbọ́ ò ju tèmi, ti bàbá wọn àti ti inú fíìmù lọ. Tí ohùn ò bá já gaara, kíá ni wọ́n á gbójú lé Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ sísàlẹ̀, oríkì á kọjá, òwe á kọjá, ìwé ni wọ́n á kàn máa kà lójú tẹlifíṣọ̀n. Ó ń dùn mí gan-an.

Èyí ẹ̀gbọ́n nínú wọn tún so PS4, ẹ̀rọ gíìmù ẹ̀, mọ́ ọn, òun ní gíìmù ò ṣe é gbá lórí ẹ̀, pé tóun bá tẹ bọ́tìnnì ó máa ń pẹ́ kó tó ṣe nǹkan tóun sọ. Mi ò mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ kan náà ni. Mo ní bíi N120,000 nílẹ̀. Ṣé soundbar, spíkà gbọọrọ tí wọ́n ń gbé síwájú tẹlifíṣọ̀n yẹn ni, àbí home theatre ńlá bíi tayé ọjọ́sí, àbí kí n kúkú lọ pààrọ̀ tẹlifíṣọ̀n ọ̀hún?

Tẹkiníṣàn Garki

Àǹtí mi, ẹ má pààrọ̀ nǹkankan, ẹ má sì tíì ná kọ́bọ̀. Tẹlifíṣọ̀n ayé ìsinsìnyí ti tín-ín-rín jù, kò sáyè tí wọ́n fẹ́ ki spíkà gidi sí, ìsàlẹ̀ tàbí ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń kọjú ẹ̀ sí. Tẹ́ ẹ bá tún wá gbé e kọ́ ara ògiri, ògiri ló ń bá sọ̀rọ̀ yẹn.

Ẹ wọ Settings, ẹ lọ síbi Sound. Tó bá jẹ́ Movie tàbí Theatre lẹ bá níbẹ̀, ẹ yí i kúrò, ẹ gbé e sí èyí tí wọ́n kọ Speech sí, ibòmíì wọ́n á pè é ní Clear Voice, ibòmíì News, bí kọ́ńpìnnì bá ṣe sọ ọ́ ni. Ẹ wá wá Auto Volume tàbí Night Mode, ẹ tàn án. Iṣẹ́ ìyẹn ni kó fa ariwo ńlá wálẹ̀, kó sì gbé ohùn kékeré sókè, kí ẹ̀yin náà lè gbé rìmóòtù sílẹ̀. Surround tó wà níbẹ̀, ẹ pa á jàre, spíkà méjì péré ló wà nínú ẹ̀.

Èyí tó tún ṣe pàtàkì rèé. Ọ̀pọ̀ fíìmù orí Netflix àti Prime, ọ̀nà mẹ́fà ni wọ́n pín ohùn ẹ̀ sí, òun là ń pè ní 5.1, márùn-ún fún spíkà tó yí pálọ̀ ká, ìkan yòókù fún báàsì. Ọ̀rọ̀ ẹnu òṣèré, spíkà àárín ló máa ń gbà jáde. Ẹ̀yin ò ní spíkà àárín, nítorí náà tẹlifíṣọ̀n á kó gbogbo ẹ̀ dà sínú méjì tó ní, orin á gun orí ọ̀rọ̀, ìlù á gun orí orin. Tí fíìmù bá ń lọ lọ́wọ́, ẹ tẹ ibi Audio and Subtitles, tẹ́ ẹ bá rí Yorùbá méjì níbẹ̀ tí wọ́n kọ 5.1 síwájú ìkan, ẹ mú ìkejì. Tó bá sì jẹ́ dikódà lẹ fi ń wò ó, dikódà náà ní fọ́líùmù tiẹ̀, ẹ gbé e sókè dáadáa kẹ́ ẹ wá máa fi ti tẹlifíṣọ̀n dín in kù. Ẹ ṣe èyí ná kẹ́ ẹ wá jẹ́ ká gbọ́.

Gámà Barnawa

Ẹ kúulé mà. Ti PS4 yẹn ò kan ohùn rárá. Ẹ sọ fún àbúrò mi kó lọ sórí HDMI, ihò tó ki waya PS4 sí, kó yí Picture Mode ẹ̀ sí Game, ó parí. Tẹlifíṣọ̀n yín ń fi ara ṣiṣẹ́ jù ni, tí àwòrán bá dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ á tún àwọ̀ ẹ̀ ṣe, á kó àwòrán míì tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ bọ àárín kí ìrìn ẹ̀ lè máa yọ̀, ìgbà tó bá fi máa gbé e jáde, bọ́ọ̀lù ti wọ àwọ̀n. Game Mode ló máa ń pa gbogbo àṣejù yẹn.

Mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ pa á lórí fíìmù náà, torí ó máa ń bí mi nínú tí mo bá wọ ilé èèyàn tí mo bá a bẹ́ẹ̀. Àwòrán 24 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni wọ́n fi ń ya sinimá, tẹlifíṣọ̀n á wá fi tiẹ̀ kún un títí fíìmù tí wọ́n náwó lé lórí á fi dà bí fídíò ìgbéyàwó. LG ń pè é ní TruMotion, Sony ń pè é ní Motionflow. Ẹ pa á, wallahi ẹ máa rí i pé fíìmù á padà di fíìmù. Tẹ́ ẹ bá rí Filmmaker Mode níbẹ̀, ẹ kàn mú un, òun fúnra ẹ̀ á pa gbogbo ẹ̀ fún yín.

Ó ku ẹyọ kan. PS4 ti dàgbà, 2013 ló jáde, àwa tá a wà lókè Ọya níbí a sì mọ nǹkan tí eruku ọyẹ́ ń fojú ẹ̀ rí láti November títí wọ February. Tí eruku bá ti dí i nínú, fáànù ẹ̀ á máa hó bí jẹnẹrétọ̀, màmá àgbà ò sì lè gbọ́ fíìmù tí nǹkan yẹn bá ń hó lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n tú bá yín tú u, kó fẹ́ eruku ẹ̀ dànù, kó pààrọ̀ thermal paste ẹ̀, ìyẹn ọ̀dà tó ń bá a fa ooru kúrò, kẹ́ ẹ sì gbé e kúrò nínú kọ́bọ́ọ̀dù tó bá jẹ́ ibẹ̀ ló wà.

Olóòtú Ohùn, Jabi

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó wà lọ́wọ́ àwa tá à ń ṣe fíìmù, torí ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára. Iṣẹ́ mi ni kí n jókòó ti ohùn lẹ́yìn tí wọ́n bá yà á tán.

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé òfin ohùn ò dọ́gba káàkiri. LKFS la fi ń wọn bí ohùn ṣe ń ké tó, bí nọ́ńbà ẹ̀ bá ṣe súnmọ́ òdo tó ni ohùn ṣe ń ké tó. Netflix ní kí ọ̀rọ̀ ẹnu inú fíìmù wà ní -27 LKFS, kò sì gbọdọ̀ fi ju méjì lọ sókè tàbí sísàlẹ̀. YouTube ní tiẹ̀, ohun tó bá ti ké kọjá nǹkan bíi -14 ló máa ń fà wálẹ̀. Ìwọ̀n kan náà ni LKFS àti LUFS tẹ́ ẹ máa ń rí, ẹ wá wo bí -27 ṣe jìnnà sí -14. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá kúrò lórí YouTube bọ́ sórí Netflix, ẹ máa gbé fọ́líùmù sókè, tẹ́ ẹ bá tún padà, ó gbá yín létí. Tẹlifíṣọ̀n yín ò bàjẹ́ o.

Àmọ́ fíìmù Yorùbá orí YouTube tí màmá ń wò yẹn, ọ̀tọ̀ ni ti ọ̀pọ̀ nínú wọn. Máìkì orí kámẹ́rà ni wọ́n fi gba ohùn, òṣèré jókòó sí ọ̀ọ́kán lọ́hùn-ún, jẹnẹrétọ̀ ilé kejì ń lọ. Wọ́n gbé iṣẹ́ kan wá fún mi rí, bàbá àgbàlagbà kan ń ki ọmọ ẹ̀ tó ti ìrìn àjò dé, ohùn bàbá yẹn dùn dé egungun, ó ń lọ sílẹ̀ ó ń gòkè, èèyàn á fẹ́ kó má dákẹ́. Ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ wà lábẹ́ ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Tí mo bá gé jẹnẹrétọ̀ yẹn díẹ̀, ìparí ọ̀rọ̀ bàbá á máa bá a lọ, tí mo bá gé e tán, ohùn bàbá á máa jáde bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ike. Mo bẹ olùdarí kí wọ́n pe bàbá wá sí sítúdíò kó tún un kì, ó ní owó ti tán, kí n fi orin bò ó. Bí oríkì yẹn ṣe rì sábẹ́ dùùrù nìyẹn, kò sí soundbar tó lè wú u jáde mọ́, iye yòówù kẹ́ ẹ rà á.

Ohun tí mò ń sọ fún gbogbo olóòtú fíìmù tó bá wá bá mi ni pé kí wọ́n tó háyà dúróònù tó máa ya orí ilé, kí wọ́n háyà ẹyọ ẹnì kan tó máa na máìkì sórí òṣèré. Èèyàn lè fara da àwòrán tí kò dán. Ọ̀rọ̀ tí wọn ò bá gbọ́ ti sọnù.

Bàbá Sábó Kánò

Ọmọ mi, ó dáa bó o ṣe ń ronú nípa etí àwọn ọmọ yẹn. Bàbá mi máa ń sọ fún wa bí Ògúǹdé onítíátà ṣe ń gbé eré wá sókè Ọya láyé àwọn òyìnbó, tí ohùn á dé ọ̀dọ̀ ẹni tó dúró lẹ́yìn pátápátá.

Wo ilẹ̀ pálọ̀ rẹ. Ilé Abuja tí mo máa ń wọ̀, táìsì ló wà nílẹ̀, fèrèsé gíláàsì ńlá, ògiri lásán, kọ́tìnnì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ohùn á kàn máa ta padà ni, ọ̀rọ̀ kan á gun orí èkejì. Ní Kánò níbí kápẹ́ẹ̀tì kì í wọ́n ní pálọ̀ wa. Tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tó nípọn síwájú tẹlifíṣọ̀n, ta kọ́tìnnì tó wúwo, kó o sì sún àga màmá rẹ súnmọ́ ọn. Tó o bá sì dé ọjà, ẹni tó bá sọ fún ẹ pé home theatre òun jẹ́ 10,000 watts PMPO, fi í sílẹ̀ níbẹ̀. PMPO yẹn, nọ́ńbà àbùmọ́ lásán ni. RMS, agbára tí spíkà lè gbé láìdáwọ́dúró, ni kó o bèèrè.

Màmá Kubwa

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin bàbá wa àti ẹ̀yin àbúrò. A ti yí i sí Speech, a tan Auto Volume, mo yọ 5.1 kúrò, lálẹ́ àná, màmá ló ń ṣàlàyé fíìmù fún wa. Gíìmù náà ti dáa, Gámà, ó ní kí n kí yín. Kápẹ́ẹ̀tì ló kù, oṣù tó ń bọ̀.

Àmọ́ mo ṣì fẹ́ ra soundbar kékeré. Ìbéèrè mi ni pé ẹ̀gbọ́n mi ní Lugbe ní ìkan, tí iná bá lọ tí ínfátà bá gbà á, ó máa ń kùn hùn-ùn-ùn títí. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ṣe rí ni?

Olóòtú, ọ̀rọ̀ bàbá tó ń ki ọmọ ẹ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ máa sọ fún wọn.

Tẹkiníṣàn Garki

Rárá, ínfátà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń pè ní modified sine wave, iná tí wọ́n ń gbé jáde ò rí bíi ti NEPA, ó rí gbágungbàgun, ohunkóhun tó ń mú ohùn jáde á sì máa kùn tó bá jẹ ẹ́. Pure sine wave kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ara ínfátà tiyín, wọ́n á kọ ọ́ sí i. Tó bá jẹ́ pure ni, tó ṣì ń kùn, ẹ pe ẹlẹ́tírísíàn kó wo ẹ́ẹ̀tì ilé yín.

Tí owó yín bá ká a, 3.1 ni kẹ́ ẹ wá, torí òun ló ní spíkà àárín fún ọ̀rọ̀ ẹnu, 2.1 ò ní i. Bí tuntun bá wọ́n jù, tòkunbọ̀ tó mọ́ ò burú. Waya HDMI ni kẹ́ ẹ fi so ó, ihò tí wọ́n kọ ARC sí lára tẹlifíṣọ̀n nìkan ni kẹ́ ẹ lò, ó ti wà láti 2009, tiyín á ní i, rìmóòtù kan náà lẹ ó sì fi máa ṣe méjèèjì. Ẹ má fi Bluetooth so ó o, ohùn á máa pẹ́ lẹ́yìn àwòrán, ọmọ yín á tún bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn lórí PS4.

Tẹ́ ẹ bá ń lọ ra á ní plaza Banex tàbí Emab, ẹ fi flash gbé fíìmù Yorùbá kan tí màmá ti wò dání, èyí tí ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ẹ̀. Oníṣọ́ọ̀bù á fẹ́ fi orin báàsì dá yín lóhùn, ẹ ní tiyín ni kó fi sí i. Tó bá kọ̀, ṣọ́ọ̀bù míì wà lókè.